Òkété Tó Ń Fi Imú Wá Ikọ́ Ẹ̀gbẹ

Òkété tí à ń rà ní yíyan lọ́jà Bódìjà ní ìbátan tó ń ṣiṣẹ́ ìlera ní Morogoro, lórílẹ̀-èdè Tanzania. Kò yẹ kó ya ará Ìbàdàn lẹ́nu jù. Láàárín 1970 sí 1979, S. S. Ajayi ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣèwádìí nípa bí a ṣe lè máa sin òkété nílé. Ẹran ọbẹ̀ ló wà lọ́kàn tiwa nígbà náà. Imú rẹ̀ ni Bart Weetjens, ará Belgium, rí ní tirẹ̀, nígbà tó dá àjọ APOPO sílẹ̀ ní 1997 kí òkété lè máa wá bọ́ǹbù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Ní 2007, wọ́n mú un wọnú iṣẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ.

Ojú òkété kò fi bẹ́ẹ̀ ríran. Imú ló fi ń jẹun. Kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ a sì máa fi òórùn kan sínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀, èyí tí imú tiwa kò lè gbọ́. Láti kékeré ni wọ́n ti ń mú òkété mọ́ èèyàn lára. Wọ́n á wá kọ́ ọ pé bí nǹkan bá ti dún “kẹ́”, oúnjẹ dé. Nǹkan bí oṣù 9 ni kó tó mọ iṣẹ́ dáadáa.

Inú àpótí onígíláàsì ló ti ń ṣiṣẹ́. Ihò wà lẹ́sẹẹsẹ nísàlẹ̀ àpótí náà, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí wọ́n ti fi ooru pa kòkòrò inú rẹ̀ sì wà lábẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan. Òkété á ki imú bọ ọ̀kan, á fò ó, á bọ́ sí òmíràn. Bó bá dúró pa lórí ọ̀kan fún bí ìṣẹ́jú àáyá 3, ó ti rí nǹkan nìyẹn.

Báwo ni wọ́n ṣe wá mọ̀ pé òótọ́ ló sọ, kí wọ́n tó fún un lóúnjẹ? Ibẹ̀ gan-an lọgbọ́n wà. Wọ́n máa ń to kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí wọ́n ti mọ̀ pé kòkòrò wà nínú rẹ̀ pọ̀ mọ́ èyí tí kò tíì dá ẹnikẹ́ni lójú. Èyí tí wọ́n mọ̀ nìkan ni wọ́n fi ń san owó iṣẹ́. Bó bá dúró lórí èyí tí wọn ò mọ̀, wọ́n á kàn kọ ọ́ sílẹ̀, òkété á sì máa lọ lẹ́nu gbígbẹ. Bí wọ́n bá ń bọ́ ọ níbi gbogbo tó bá dúró sí, kò ní pẹ́ tí yóò fi di onírọ́ nítorí oúnjẹ.

Láàárín 20 ìṣẹ́jú, òkété kan lè gbọ́ òórùn kẹ̀lẹ̀bẹ̀ 100. Ẹni tó ń fi maikirosíkóòpù wò ó lè lò tó ọjọ́ 4. Àmọ́ ọ̀rọ̀ òkété kọ́ ló ń gbé aláìsàn dé ìdí oògùn. Ilé àyẹ̀wò ló ń tún èyí tó bá tọ́ka sí yẹ̀ wò, wọ́n sì máa ń bá kòkòrò nínú òmíràn tí ilé ìwòsàn ti kọ́kọ́ ní kò sí nǹkan.

Ní Ìbàdàn níbí, ẹ̀rọ là ń lò. Ẹni tó bá ti wúkọ́ tó ọ̀sẹ̀ méjì, kó gba ilé ìwòsàn ìjọba lọ, bíi ti Jẹ́ríkò. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò, ọ̀fẹ́ loògùn.