Òkú Wà Nílẹ̀, Orin Ń Lọ: Ṣé Fíìmù Ta-Ló-Pa-Á Lè Jẹ́ Fíìmù Olórin?

Ohun tí mo sọ lórí ètò ọ̀sẹ̀ yìí náà ni mo kọ sílẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn kíkà ju gbígbọ́ lọ. Mo kàn yọ ikọ́ àti ariwo jẹnẹrétọ̀ kúrò nínú rẹ̀ ni.

Àbúrò wa kan níbí ní Ọlá ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Fóònù ló fi ń kọ́ iṣẹ́ fíìmù, ó sì ti ní ìtàn kan lọ́wọ́. Ọkùnrin kan ti Abíjàn dé. Ní òru ọjọ́ kẹta, iyàrá rẹ̀ jóná, wọ́n bá òkú rẹ̀ níbẹ̀, owó tó kó bọ̀ sì ti pòórá. Ta ló pa á? Ẹni márùn-ún ni a lè fura sí. Àbúrò wa wá fẹ́ kí àwọn márààrún máa kọrin láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó fẹ́ yá a lówó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ló wá bínú. Ó ní, "Òkú wà nílẹ̀, ẹ̀ ń jó? Mú ọ̀kan níbẹ̀. Bó o bá fẹ́ ṣe ìtàn apànìyàn, ṣe é. Bó bá jẹ́ orin lo fẹ́, gba stúdíò lọ." Owó ò ní jáde àfi bí ọmọ yìí bá rí àlàyé tó mọ́gbọ́n wá ṣe. Ó sì ní kí n bá òun wá a.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dá "òkú wà nílẹ̀, ẹ̀ ń jó" lóhùn, nítorí ibẹ̀ ló rọrùn jù. Yorùbá wo ni kì í kọrin sí òkú? Nígbà tí ọdẹ bá kú, ìrèmọ̀jé ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń sun, orin àti ẹkún á sì di ọ̀kan náà. Ní Òṣogbo tí kò jìnnà sí wa yìí, Dúró Ládípọ̀ gbé Ọba Kò So jáde ní ọdún 1963. Ikú wà nínú eré yẹn, ogun wà níbẹ̀, ìwà ọ̀dàlẹ̀ náà wà níbẹ̀, orin àti ìlù ló sì gbé gbogbo rẹ̀ dúró. Kò sí ẹni tó jáde níbẹ̀ tó ní orin ti ba ikú jẹ́ fún òun. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú o, ọ̀rọ̀ yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ìṣòro gidi wà níbòmíràn. Ẹ rántí pé oríṣi àlọ́ méjì ni wọ́n pa fún wa ní kékeré. Àlọ́ àpamọ̀ wà, ìyẹn èyí tí wọ́n á ní ká mọ̀ ọ́n, tí gbogbo wa á máa méfò títí ẹnìkan á fi já a. Àlọ́ àpagbè náà wà, èyí tó ní ìtàn, tó ní orin, tí àwa ń gbè. Ìtàn ta-ló-pa-á, àpamọ̀ ni. Fíìmù olórin, àpagbè ni. Nínú àpagbè, kì í ṣòro láti mọ ẹni tó ṣe é. Bí nǹkan bá ti sọnù nínú àlọ́, ọmọ ọdún márùn-ún á ti nawọ́ sí Ìjàpá. Ohun tí a jókòó tì ni bí àṣírí ṣe máa tú, ìgbà tí ẹyẹ tàbí igi tàbí olù máa fi orin sọ ohun tí wọ́n bò mọ́lẹ̀. Àwa tí a ń gbè ti mọ̀ tipẹ́, àwọn ará inú ìtàn ni wọn ò tíì mọ̀.

Ìdí rẹ̀ ni pé orin kì í bo inú. Bí ẹnìkan bá dákẹ́ ọ̀rọ̀ nínú fíìmù tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, a gbà pé ohun tó wà nínú rẹ̀ gan-an ló ń tú jáde. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìtàn ta-ló-pa-á nílò pé kí ẹnìkan máa purọ́ fún wa títí dé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó kẹ́yìn. Bí apànìyàn bá kọrin òtítọ́, a ti mú un. Bó bá kọrin irọ́, inú á bí wa nígbà tí a bá mọ̀, nítorí a ti gbà á gbọ́. Bí gbogbo èèyàn bá kọrin tí òun nìkan kò kọ, a tún ti mú un náà nìyẹn.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fíìmù olórin tí ikú wà nínú wọn fi ń fi apànìyàn hàn wá lójúkorojú. Chicago tó jáde ní 2002 gba àmì ẹ̀yẹ Oscar mẹ́fà, tó fi mọ́ ti fíìmù tó dára jù lọ, ṣùgbọ́n ojú wa ni obìnrin náà ti yìnbọn. Onígbàjámọ̀ inú Sweeney Todd, ti 2007, kò fi ọ̀bẹ rẹ̀ pamọ́ fún wa. Nílé wa níbí, Ayinla tí Túndé Kèlání ṣe ní 2021 kún fún àpàlà láti òkè délẹ̀, Lateef Adedimeji sì ṣe Àyìnlá Ọmọwúrà débi pé ara ń ta èèyàn. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ pé nínú ìjà ilé ọtí ní Abẹ́òkúta, ní ọjọ́ kẹfà oṣù karùn-ún ọdún 1980, ni Àyìnlá kú, lọ́wọ́ ẹni tó ti jẹ́ máníjà rẹ̀ rí? Ṣe la jókòó tí a ń ka wákàtí. Ẹ̀rù yẹn dára, àmọ́ kì í ṣe àpamọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ìdílé kan. Ní 1976, Ọlá Balógun darí Àjàní Ògún. Adéyẹmí Afọláyan tí gbogbo wa mọ̀ sí Ade Love ló ṣe olú ẹ̀dá ìtàn rẹ̀. Òun ni wọ́n máa ń pè ní fíìmù ńlá àkọ́kọ́ lédè Yorùbá, orin sì wà nínú rẹ̀ dáadáa, nítorí àwọn eléré orí ìtàgé ló kún inú rẹ̀, orin ni wọ́n sì fi ń jẹun. Ní 2014, ọmọ rẹ̀, Kúnlé Afọláyan, ṣe October 1: ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Àkọ́tẹ̀, ọdún òmìnira 1960, wọ́n ń pa àwọn ọmọbìnrin, wọ́n sì rán ọlọ́pàá kan láti òkè Ọya wá wádìí. Ta-ló-pa-á gidi ni. Bàbá ṣe olórin, ọmọ ṣe ìwádìí. Láàárín bàbá àti ọmọ ni orin ti jáde kúrò nínú fíìmù wa. Nígbà tí fídíò dé, tí gbogbo nǹkan di kíákíá, orin wá di ohun tí wọ́n ń fi sí abẹ́ àwòrán láti sọ fún wa pé ká sunkún níbí. Nígbà mìíràn gan-an, orin abẹ́ àwòrán yẹn á ti ròyìn gbogbo ìtàn tán kí ìtàn tó ṣẹlẹ̀. Èyí máa ń bí mi nínú púpọ̀.

Ohun tó tilẹ̀ ń pa ta-ló-pa-á nílẹ̀ wa ju orin lọ ni dígí. Ẹ mọ dígí tí mò ń sọ. Wọ́n á pa èèyàn, ẹbí á gbéra lọ sọ́dọ̀ babaláwo, babaláwo á da omi sínú igbá, ojú apànìyàn á yọ. Ó parí. Bí kò bá jẹ́ babaláwo, á jẹ́ wòlíì. Àṣà yìí pẹ́ o. Ẹ wo ìtàn Ògìyán Èjìgbò tí Pierre Verger kọ sílẹ̀. Babaláwo kan, ọ̀rẹ́ ọba, ti ìrìn àjò dé, ó sì fi orúkọ tó jẹ mọ́ iyán jíjẹ béèrè ọba bí ọ̀rẹ́ ṣe ń ṣe. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ní ó rí ọba fín, wọ́n lù ú, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n, ọba kò sì mọ̀. Nǹkan dàrú ní ìlú. Ta ló fà á? Ìwádìí náà kò gùn jù dídá Ifá lẹ́ẹ̀kan lọ: wọ́n ní ẹnìkan wà lẹ́wọ̀n láìṣẹ̀. Ẹ rí i pé ibi ìwádìí kọ́ ni adùn ìtàn yẹn wà. Adùn rẹ̀ ni ohun tí wọ́n ní kí ìlú máa ṣe lọ́dọọdún láti fi ṣe ètùtù ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹ́, tí àwọn ará àdúgbò méjì ń fi ọ̀pá na ara wọn. Eré ló gba iṣẹ́ náà ṣe.

Àwọn òǹkọ̀wé wa ti fọ́ dígí yẹn tipẹ́. Ní 1969, Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbé Àjà Ló Lẹrù jáde, níbi tí Lápàdé, ọlọ́pàá àtijọ́, ti ń fi ẹsẹ̀ rìn, tó ń fi ọpọlọ ro. Kọ́lá Akínlàdé tẹ̀ lé e pẹ̀lú ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ rẹ̀, Akin Olúṣinà, nínú ìwé bíi Owó Ẹ̀jẹ̀. Àbúrò mi, bó o bá fẹ́ ṣe fíìmù yìí, ka àwọn wọ̀nyí ná. Kó o tó ronú orin rárá, rí i dájú pé kò sí babaláwo tó máa já a fún ọ.

Ó wá ku orin. Ó ṣe é ṣe? Ó ṣe é ṣe, àwọn kan ti ṣe é. Lórí ìtàgé ní Amẹ́ríkà, Rupert Holmes mú ìwé tí Charles Dickens kú ní 1870 láìparí, ó sọ ọ́ di eré olórin ní 1985, ó sì ní kí àwọn òǹwòran dìbò lálaalẹ́ lórí ẹni tó jẹ́ apànìyàn. Ìyẹn dùn, àmọ́ fíìmù kò lè gba ìbò. Índíà tún ṣe é: nínú Gumnaam, ti 1965, wọ́n ń pa àwọn arìnrìn-àjò kan lọ́kọ̀ọ̀kan níbi tí ọkọ̀ òfúrufú já wọn sí, orin kan tí wọn ò mọ ibi tó ti ń wá sì ń tẹ̀ lé wọn kiri. Orin yẹn gan-an ló ń dẹ́rù bani.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ lọ wò ni 8 Femmes, tí François Ozon ṣe ní ilẹ̀ Faransé ní 2002. (Ẹ̀yin ará wa ní Abíjàn, ẹ ò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀ fún yín. A ó máa jowú yín.) Ilé kan, yìnyín ti dí ọ̀nà, wọ́n ti gé okùn tẹlifóònù, baálé ilé wà ní yàrá pẹ̀lú ọ̀bẹ lẹ́yìn. Obìnrin mẹ́jọ ló wà nílé: ìyàwó, ọmọ, ìyá ìyàwó, ọmọ ọ̀dọ̀, gbogbo wọn. Ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ orin kan. Ọgbọ́n tí Ozon dá sí ìṣòro tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni pé kò sẹ́ni tó purọ́ nínú orin rẹ̀. Obìnrin kọ̀ọ̀kan tú àṣírí tirẹ̀: ìfẹ́ tó ń jẹ ẹ́, ọ̀dá ẹni, owú. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òtítọ́ tí à ń wá. Orin kọ̀ọ̀kan wá ń fi ìdí kún ìdí tí èèyàn fi lè pa ọkùnrin yẹn. Mi ò ní sọ bó ṣe parí.

Ọ̀nà kejì ni kí orin jẹ́ pàkúté. Nínú Karz, ti Índíà, 1980, ìyàwó pa ọkọ rẹ̀ nítorí ogún. Ọkọ padà wá sáyé, ó di olórin, ó sì dúró níwájú obìnrin náà lórí ìtàgé, ó fi orin àti ijó ṣe gbogbo bí wọ́n ṣe pa òun. Àwa tí a gba àtúnwá gbọ́, kò sẹ́ni tó máa bi wá léèrè bí ìyẹn ṣe ṣẹlẹ̀. Ojú obìnrin yẹn nígbà tí orin ń lọ, òun ni ẹ̀rí.

Ọ̀nà kẹta, tiwa ni, mi ò sì tíì rí i kí ẹnikẹ́ni lò ó tán. Nínú Saworoide, tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tí Kèlání ṣe ní 1999, ìlù ni ó pa ẹni tó gba adé lọ́nà àìtọ́. Ó ku kí ìlù tú àṣírí apànìyàn. Ẹ gbọ́ mi: gángan kì í pe ọ̀rọ̀, ohùn ọ̀rọ̀ ló ń pè. Bí onílù bá lu re-mí-mí-re-mí ní ìdí òkú yẹn, kí ni ẹ gbọ́? Gbogbo ìlú á gbọ́ "Iná ló pa á," nítorí iyàrá jóná. Wọ́n á mi orí, wọ́n á jó sí i. Ṣùgbọ́n ohùn kan náà ni "Adé ló pa á." Ohùn kan náà sì ni "Olú ló pa á." Ẹ̀rí wà létí gbogbo òǹwòran láti ìṣẹ́jú kẹwàá, kò sẹ́ni tí wọ́n rẹ́ jẹ, a sì ń gbè é lọ láìmọ ohun tí à ń gbè. Àpamọ̀ wà nínú àpagbè nìyẹn.

Mo fi èyí ránṣẹ́ sí àbúrò wa. Kò dá mi lóhùn fún ọjọ́ méjì. Nígbà tó máa pè, ó ní òun ti yọ ọ̀kan kúrò nínú àwọn márùn-ún, òun sì ti fi onílù dípò rẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó ń béèrè ibi tí onílù wà lóru ọjọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò tíì ní òun gbà. Ṣùgbọ́n ó ti béèrè iye tí onílù kan máa gbà lóòjọ́.