Kí ni oyin ń ṣe nínú ọtí bíà tó le, tó sì korò?

Láàrin Yorùbá, oyin kì í wọ́n níbi ìsọmọlórúkọ, adùn rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń wúre fún ọmọ tuntun. Abájọ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi máa ń rò pé ọtí bíà tí wọ́n bá kọ oyin sí lára ìgò yóò dùn, tí kò sì ní le. Ṣùgbọ́n nínú bíà tó lágbára, òdìkejì èyí ni oyin sábà máa ń ṣe. Kì í fi bẹ́ẹ̀ mú ọtí náà dùn. Ńṣe ló ń mú kí ó túbọ̀ le, láìjẹ́ kí ẹnu tètè fura.

Àpẹẹrẹ kan tí àwọn olólùfẹ́ bíà mọ̀ dáadáa ni Hopslam, tí ilé iṣẹ́ Bell's ní ìpínlẹ̀ Michigan, lórílẹ̀èdè Amẹ́ríkà, máa ń gbé jáde níbẹ̀rẹ̀ ọdún. Larry Bell ló dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ìlú Kalamazoo, ọdún 1985 ló sì ta bíà rẹ̀ àkọ́kọ́. Oríṣi hops mẹ́fà ni wọ́n ń sè mọ́ Hopslam, wọ́n tún ń rẹ èyí tí wọ́n ń pè ní Simcoe sínú rẹ̀ lẹ́yìn náà, oyin sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Alcohol, ìyẹn èròjà inú ọtí tó ń fa ìmutípara, jẹ́ ìdá 10 nínú 100 rẹ̀. Ìlọ́po méjì ohun tó wà nínú bíà tó wọ́pọ̀ lórí igbá nìyẹn.

Hops fúnra rẹ̀ jẹ́ òdòdó ewéko kan tó máa ń lọ́ mọ́ ọ̀pá bí iṣu. Òdòdó abo rẹ̀ ni àwọn apọntí ń lò. Bí wọ́n bá sè é pẹ́, ìkorò rẹ̀ á jáde sínú ọtí. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n ti pa iná ni wọ́n tó fi í sí i, òórùn rẹ̀, tó lè jọ ti ọsàn tàbí ti òdòdó, ló máa ń hàn jù.

Ohun tí ìwúkàrà ń ṣe sí oyin

Ọkà ni ìpìlẹ̀ bíà. Ọkà báálì ni wọ́n sábà máa ń lò nílẹ̀ òkèèrè. Wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi títí yóò fi hù, wọ́n á mú un gbẹ, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sì pò ó mọ́ omi gbígbóná kí ṣúgà rẹ̀ lè jáde. Ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń fi ọkà bàbà ṣe bùrùkùtù tàbí pítò ní Nàìjíríà àti Gánà kò ní rí èyí bí ohun àjèjì. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sè é, tó sì ti tutù, ni wọ́n á wá fi ìwúkàrà sí i, irú èyí tí àwọn oníbúrẹ́dì fi ń mú ìyẹ̀fun wú. Ohun abẹ̀mí tín-íntín ni ìwúkàrà, ṣúgà sì ni oúnjẹ rẹ̀. Bó ṣe ń jẹ ẹ́ ló ń sọ ọ́ di alcohol àti afẹ́fẹ́ carbon dioxide, èyí tó ń mú kí bíà máa hó.

Àmọ́ gbogbo ṣúgà kọ́ ni ìwúkàrà lè jẹ. Nínú èyí tó ń jáde lára ọkà báálì, nǹkan bíi ìdá kan nínú mẹ́rin ló máa ń ṣẹ́kù. Àjẹkù yìí ló ń mú kí bíà nípọn lẹ́nu, kí adùn díẹ̀ sì wà nídìí rẹ̀.

Ti oyin yàtọ̀. Nǹkan bíi ìdá 80 nínú 100 oyin ló jẹ́ ṣúgà, omi sì ni ọ̀pọ̀ nínú ìyókù. Fructose àti glucose ló pọ̀ jù nínú ṣúgà náà, ìwúkàrà sì lè jẹ méjèèjì tán. Àwọn kòkòrò oyin ti bá a ṣe iṣẹ́ sílẹ̀: sucrose tí wọ́n fà láti inú òdòdó ni wọ́n ti gé sí wẹ́wẹ́ kí wọ́n tó dé e mọ́ inú afárá. Nítorí náà, adùn tí ẹ bá fi ìka tọ́ wò nínú ìgò oyin lónìí lè má sí mọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan nínú àgbá ọtí. Ó ti di alcohol. Bí apọntí bá fi kílógíráàmù oyin kan kún ohun tí yóò di lítà 20 bíà, alcohol inú rẹ̀ yóò fi nǹkan bíi 2% lékún, síbẹ̀ bíà náà kò ní nípọn sí i.

Kí ló dé tí wọn kò kàn fi ọkà kún un?

Ní ọdún 1994, Vinnie Cilurzo pọn bíà kan ní ilé iṣẹ́ Blind Pig nílùú Temecula, ní California, tí ọ̀pọ̀ ń kà mọ́ àwọn àkọ́kọ́ irú ọtí tí à ń pè ní Double IPA lónìí: bíà tí hops rẹ̀ pọ̀ rẹpẹtẹ, tí agbára rẹ̀ sì ju ti bíà lásán lọ. Ìṣòro irú ọtí yìí ni pé bí ẹ bá fẹ́ fi ọkà nìkan mú un dé 8% tàbí 10%, àjẹkù ṣúgà náà yóò pọ̀ sí i. Ọtí náà á wúwo lẹ́nu, adùn rẹ̀ á sì bo hops tí wọ́n ná owó gọbọi lé lórí mọ́lẹ̀. Ọ̀nà àbáyọ ni kí wọ́n fi ohun tí ìwúkàrà lè jẹ tán rọ́pò díẹ̀ nínú ọkà.

Kò pọn dandan kí ohun náà jẹ́ oyin. Ṣúgà lásán ni wọ́n ń fi sí Pliny the Elder, bíà 8% tí Cilurzo ń ṣe báyìí ní ilé iṣẹ́ Russian River. Ní ti kí ọtí le láì nípọn, iṣẹ́ kan náà ni ṣúgà àti oyin ń ṣe, oyin sì wọ́n ju ṣúgà lọ. Ohun tí oyin fi lé e ni òórùn òdòdó tó rọra ń bá ti hops rìn. Àti pé, ká má parọ́, orúkọ oyin lára ìgò ń ta ọjà ju orúkọ ṣúgà lọ.

Òórùn yẹn gan-an kì í pẹ́ sá lọ. Bí wọ́n bá se oyin mọ́ ọtí fún ìgbà pípẹ́, ó ti bá oruku gbígbóná lọ. Afẹ́fẹ́ tí ìwúkàrà ń tú jáde náà á tún gbé díẹ̀ nínú ìyókù. Ìdí nìyí tí àwọn apọntí tó mọṣẹ́ fi máa ń dúró kí wọ́n pa iná, tàbí kí ìwúkàrà ti jẹun dé àyè kan, kí wọ́n tó da oyin sí i. Àwọn mìíràn tó fẹ́ kí ẹnu gbọ́ adùn oyin dájú máa ń lo ọkà báálì kan tí wọ́n ń pè ní honey malt, tí wọ́n hù tí wọ́n sì yan lọ́nà tí yóò fi ní ìtọ́wò oyin. Kòkòrò oyin kankan kò lọ́wọ́ nínú rẹ̀.

Àwọn ará Ethiopia ti ń po oyin pọ̀ mọ́ ìkorò tipẹ́tipẹ́. Oyin àti omi ni wọ́n fi ń ṣe ọtí tej, ewé àti igi gesho sì ni wọ́n ń fi sí i, bí àwọn apọntí bíà ṣe ń lo hops. Kò sí ọkà níbẹ̀ rárá, síbẹ̀ ẹni tó bá mu ún yó yóò mọ̀ pé ọtí lòun mu.

Ìgò kékeré, agbára ńlá

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìgò bíà ńlá tó jẹ́ 60cl, tí alcohol rẹ̀ jẹ́ 5%, ní 3cl alcohol gidi nínú. Ìgò kékeré tó jẹ́ 35.5cl, tí alcohol rẹ̀ jẹ́ 10%, ní ju 3.5cl lọ. Ìgò kékeré ti ju ìgò ńlá lọ nìyẹn. Gíráàmù 14 alcohol ni wọ́n ń kà sí ife ọtí kan ní Amẹ́ríkà. Ìgò kékeré yìí tó gíráàmù 28. Ẹni tó bá mu ún nínú yìnyín, tí òórùn òdòdó ń ta sí i nímú, lè rò pé ìgò kan ṣoṣo lòun mu, kó sì gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀.

Ìgbàgbọ́ mìíràn tún wà níbẹ̀. Oyin ni wọ́n fi ń lá àgúnmu, òun náà ni wọ́n ń fún ẹni tó ń wúkọ́, nítorí náà àwọn kan gbà pé bíà olóyin á ṣe ara lóore. Ṣùgbọ́n oyin tí ìwúkàrà ti jẹ tán kì í ṣe oyin mọ́. Ní oṣù Kínní ọdún 2023, àjọ ìlera lágbàáyé, WHO, sọ pé kò sí ìwọ̀n ọtí kankan tí kò léwu fún ìlera. Láti ọdún 1988 sì ni IARC, ẹ̀ka rẹ̀ tó ń ṣèwádìí lórí àrùn jẹjẹrẹ, ti ka ọtí mọ́ ohun tó ń fa àrùn náà.

Lára ìgò, ohun tó yẹ kí ojú kọ́kọ́ wá ni nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà ABV, tó ń sọ iye alcohol inú ọtí. Bó bá jẹ́ 4 tàbí 5, bíà lásán ni. Bó bá ti di 10, ó ti ń sún mọ́ wáìnì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgò bíà ló wà, tí wọ́n sì ya àwòrán afárá oyin sí i lára.