Àwọn Tó Ń Bi Wá Pé Ta La Ó Dìbò Fún: Kí Ni Wọ́n Ń Fi Èsì Wa Ṣe?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti owó iná, kì í sì í ṣe ti àwọn tó ń pàtẹ sójú ọ̀nà. Àwọn kan nínú yín ló bi wá ní ìpàdé pé àwọn ọmọ tó máa ń wá pẹ̀lú fọ́ọ̀mù àti fóònù nígbà tí ìdìbò bá ń sún mọ́lé, tí wọ́n á ní "Ẹ kú ọjà mà, ẹgbẹ́ òṣèlú wo lẹ máa dìbò fún?", ta ló rán wọn, kí ni wọ́n ń wá, ṣé ó sì yẹ ká dá wọn lóhùn? A ṣèlérí pé a ó bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀, a ó sì kọ ọ́ síbí. A ti bèèrè. Ohun tí a gbọ́ nìyí, pẹ̀lú ohun tí ojú tiwa náà rí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ná. Kí ìdìbò ọdún 2023 tó wáyé, ọmọkùnrin kan wá bá wa nídìí èlùbọ́. Ọmọ dáadáa ni, ó kí wa bí ọmọ tí a kọ́ nílé. Ó bi wá ní ẹgbẹ́ tí a ó dìbò fún. A wo ojú rẹ̀, a wo ọwọ́ rẹ̀, a rí i pé ó ń kọ nǹkan, ọkàn wa sì sáré lọ sí nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù wa tí wọ́n kọ gàdàgbà sára ilẹ̀kùn. A ní ta ló mọ ẹni tó rán an wá? Bó bá jẹ́ àwọn tó ń pín ṣọ́ọ̀bù ńkọ́? Ni a bá dárúkọ ẹgbẹ́ tí a rò pé ó fẹ́ gbọ́. Irọ́ ni. Ìyá aláta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní òun ò mọ̀, pé ọkọ òun ló mọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí ọkọ rẹ̀ ti di ẹni ilẹ̀. Oníṣọ́ọ̀bù aṣọ ní òun ń dá oníbàárà lóhùn. Ọmọ náà dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wa, ó kọ ohun tó gbọ́, ó lọ.

Lójú wa, a ti gbọ́n. Ẹ dúró ná.

Ìwádìí èrò ará ìlú ni wọ́n ń pe iṣẹ́ tí àwọn ọmọ yìí ń ṣe. Kì í ṣe ìbò. Ìdìbò Ààrẹ, àjọ INEC ló ń kà á, òun náà ló ń kéde rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ìwádìí kàn fẹ́ mọ ibi tí ọkàn àwọn ènìyàn ń lọ kí ọjọ́ ìdìbò tó pé ni. Wọn ò lè bi gbogbo ìlú, owó ò tó, àkókò ò sì sí, nítorí náà wọ́n á bi ẹgbẹ̀rún kan tàbí ẹgbẹ̀rún méjì ènìyàn, wọ́n á wá fi ìyẹn díwọ̀n ìyókù.

Àwọn kan nínú yín á ní, ṣé ẹgbẹ̀rún kan lè sọ ohun tó wà lọ́kàn ọ̀kẹ́ àìmọye? Ẹ̀yin olóúnjẹ, ẹ dá wa lóhùn. Ìkòkò ọbẹ̀ tí ẹ gbé ka iná, ṣé gbogbo rẹ̀ lẹ máa ń jẹ kẹ́ ẹ tó mọ̀ bóyá iyọ̀ ti tó? Díẹ̀ lẹ máa ń dà sí àtẹ́lẹwọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ó ti rò ó pọ̀ kẹ́ ẹ tó tọ́ ọ wò. Àwa elélùbọ́ mọ èyí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó wá ra àpò, tó jẹ́ pé ẹnu àpò nìkan ló bù wò, ohun tí ẹni tó dì í fẹ́ kó rí ló rí. Oníbàárà tó gbọ́n á ti ọwọ́ bọ àárín, á tún bù nísàlẹ̀. (A ò ní dárúkọ àwọn tó ń fi èyí tó ti bu sísàlẹ̀ o. Wọ́n mọ ara wọn.) Bí ìwádìí ṣe rí náà nìyẹn. Ibi tí wọ́n ti bù ú ṣe pàtàkì ju iye tí wọ́n bù lọ.

Ó ti dójú ti ẹni ńlá rí. Ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1936, ìwé ìròyìn kan wà tó ń jẹ́ Literary Digest. Ó ti sọ ẹni tó máa wọlé ṣáájú ìdìbò rí, kò sì tàsé, gbogbo ènìyàn gbà á gbọ́. Lọ́dún yẹn wọ́n fi káàdì ránṣẹ́ sí mílíọ̀nù mẹ́wàá ènìyàn, àwọn tó dá a padà lé ní mílíọ̀nù méjì. Wọ́n kà á, wọ́n kéde pé Alf Landon ló máa na Franklin Roosevelt tó wà lórí oyè. Ọjọ́ ìdìbò dé, Roosevelt mú ìpínlẹ̀ 46 nínú 48. Kí ló dé? Inú ìwé orúkọ àwọn tó ní tẹlifóònù àti àwọn tó ní mọ́tò ni wọ́n ti ṣa ọ̀pọ̀ orúkọ. Àkókò ìṣẹ́ sì ni ìgbà yẹn nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Mẹ̀kúnnù tó fẹ́ Roosevelt ò ní tẹlifóònù, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ mọ́tò. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ George Gallup bi nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta péré, ó sì mọ ẹni tó máa wọlé, torí ó wá olówó kàn, ó wá tálákà kàn, ó wá ará ìlú ńlá àti ará oko. Ní 1938, Literary Digest kógbá sílé.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé wa níbí. Ìdìbò Ààrẹ wáyé ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2023. Ṣáájú rẹ̀, ANAP Foundation gbéṣẹ́ fún NOIPolls kí wọ́n máa pe àwọn ènìyàn lórí fóònù. Nínú èsì tí wọ́n gbé jáde ní oṣù Kejìlá 2022, nínú ènìyàn 100, 23 ní Peter Obi ti LP làwọn máa dìbò fún, 13 ní Bola Tinubu ti APC, 10 ní Atiku Abubakar ti PDP, 2 ní Rabiu Kwankwaso ti NNPP. Ariwo ta. Àwọn ọmọ wa ní Obi ti wọlé. Àwọn tó ń ṣe APC àti PDP ní irọ́ ni, wọ́n ní owó ni wọ́n fi ra èsì náà.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìṣirò owó ọjà, ẹ bá wa ro ó pọ̀: 23, 13, 10 àti 2. Ó jẹ́ 48. Àwọn 52 tó kù ńkọ́? Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. 29 ní àwọn ò tíì mọ ẹni tí àwọn máa dìbò fún, 23 ní àwọn ò ní sọ. Nínú gbogbo àwọn tí wọ́n bi, ó lé ní ìdajì tí kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ìyá aláta wa pọ̀ nínú wọn, àwọn tó ní ọkọ àwọn ló mọ̀! Àwọn 52 yìí lè gbé ẹnikẹ́ni nínú àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ dé ipò kìíní. Àwọn tó ṣe ìwádìí náà ò fi í pa mọ́, ó wà nínú èsì tí wọ́n gbé jáde. Àwa tó ń gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì la ò dúró gbọ́ ìyókù.

Òmíràn tún jáde ní oṣù Kejì 2023, iléeṣẹ́ Premise ló ṣe é fún Bloomberg. Inú fóònù ìgbàlódé tí wọ́n ń fọwọ́ rà ni wọ́n ti bi àwọn ènìyàn. Nínú 100 tó ní àwọn ti mọ ẹni tí àwọn fẹ́, 66 ní Obi ni. Ẹ bi ara yín, nínú ìlà aláta wa, mélòó ló ní irú fóònù bẹ́ẹ̀, mélòó ló ń lo oní-tọ́ọ̀ṣì? Ọ̀rọ̀ Literary Digest tún nìyẹn. Ẹnu àpò ni wọ́n bù wò.

Èyí tó yà wá lẹ́nu jù ni ti àwọn tó ń jẹ́ Stears. Obi ló ṣáájú nínú ìwádìí tiwọn náà, ṣùgbọ́n wọ́n fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Wọ́n ní bí èrò bá jáde dìbò rẹpẹtẹ, Obi ló máa mú un, bí àwọn tó jáde bá kéré, Tinubu ni. Ohun tí INEC sì kéde nìyí: Tinubu 8,794,726, Atiku 6,984,520, Obi 6,101,533, Kwankwaso 1,496,687. Orúkọ tó wà nínú ìwé INEC lé ní mílíọ̀nù 93. Ìbò tí wọ́n dì ò tó mílíọ̀nù 25. Ká ní ẹni mẹ́rin ló forúkọ sílẹ̀, ẹyọ kan àti díẹ̀ ló jáde. Àwọn kan ní kíkà ìbò náà ló lọ́wọ́ kan nínú, wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́ tó ga jù lọ, ilé ẹjọ́ sì dá Tinubu láre ní oṣù Kẹwàá ọdún náà. Ẹgbẹ́ wa ò bá wọn dá sí ìyẹn, ẹgbẹ́ ọlọ́jà ni wá.

Kì í sì í ṣe pé gbogbo ìwádìí náà jẹ́ òfo o. Ta ló gbà tẹ́lẹ̀ pé Obi lè mú Èkó? Ó mú un, 582,454 sí 572,606 tí Tinubu ní. Ìwádìí ti ń sọ pé nǹkan kan ń rú láàárín àwọn èwe, àwọn àgbà ni kò gbà.

Èyí tó ń dùn wá di òní ni ti ọjọ́ ìdìbò yẹn gan-an. Ọjà tì pa, kò sí mọ́tò lójú títì, kò sẹ́ni tó lè ní ọjà ló dí òun lọ́wọ́. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wa jókòó sílé. Ọ̀kan nínú yín sọ fún wa pé, "Wọ́n ti ní ẹni tiwa ti wọlé, kí la tún ń lọ tò fún nínú òòrùn?" Òmíràn ní, "Wọ́n ti ní ẹni tiwa ò lè wọlé, kí la fẹ́ lọ ṣe?" Rédíò kan náà ni àwọn méjèèjì gbọ́ o! Ìwádìí ò dìbò fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó sọ fún ọmọ oní-fọ́ọ̀mù pé ti lágbájá lòun ń ṣe, tí kò wá jáde lọ́jọ́ náà, kò sí níbì kankan nínú ìwé INEC.

Ohun kékeré kan wà tí wọ́n ṣàlàyé fún wa. Bí wọ́n bá ṣa ẹgbẹ̀rún ènìyàn dáadáa, iye tí wọ́n bá sọ lè fi nǹkan bíi 3 lé tàbí kó fi 3 dín. Bí wọ́n bá ní ẹnì kan ní 40, ó lè jẹ́ 37, ó lè jẹ́ 43. Nítorí náà bí wọ́n bá ní A ní 40, B ní 38, ẹ má jó o. Wọn ò tíì mọ ẹni tó ṣáájú.

Ti orí WhatsApp ńkọ́, èyí tí wọ́n ní "tẹ ibí dìbò fún ẹni tó o fẹ́"? Ìyẹn kì í ṣe ìwádìí. Ọ̀rẹ́ ló ń fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́, ẹgbẹ́ tó bá sì ní ọmọ tó pọ̀ nídìí fóònù ló máa borí. Àwọn ìwádìí kan sì wà tí wọn kì í sọ ẹni tó sanwó rẹ̀, iye tí wọ́n bi, ibi tí wọ́n ti bi wọ́n, àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi bi wọ́n. Ẹni tó bá ní "Ṣé ẹ máa dìbò fún ẹni tó ṣe ọ̀nà ọjà yín?" ti fi èsì sínú ìbéèrè. Bí ẹ bá gbọ́ iye lórí rédíò, tí ẹ ò gbọ́ nǹkan wọ̀nyí, ẹ jẹ́ kó kọjá.

Nígbà tí wọ́n bá wá bá yín, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé ẹ ò ní sọ, kò sẹ́ni tó lè fi ipá mú yín. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n pé ta ló rán wọn. Ìwádìí tòótọ́ ò nílò nọ́ńbà káàdì ìdìbò yín, kò nílò nọ́ńbà báǹkì. Ẹni tó bá bèèrè ìyẹn, ẹ lé e kúrò níwájú ìsọ̀ yín, kẹ́ ẹ sì ránṣẹ́ pe Ìyálọ́jà.

Bí ẹ bá sì gbà láti dáhùn, ẹ sọ òótọ́. Ìdí tí a fi ń sọ bẹ́ẹ̀ rèé. Ọmọ tó bá wa nídìí èlùbọ́ yẹn tún béèrè ohun kan kó tó lọ. Ó ní, "Mà, kí ló ń ni yín lára jù ní ọjà yìí?" A rẹ́rìn-ín, a ní kò sí, Ọlọ́run ń ṣe é. Ojú àgbàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù wa ti dí nígbà náà, òjò kan ti ba èlùbọ́ àpò mẹ́ta jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. A ò sọ. Irú èsì bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú máa ń wò kí wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n á wá ṣèlérí àti ibi tí wọ́n á lọ. Ọmọ náà kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọjà wa ò ní wàhálà kankan. Ìwé rẹ̀ ti lọ, a ò lè pè é padà, ojú àgbàrá ṣì dí.

Ó kan ìpàdé tiwa náà. Nígbà tí a ní ká dáwó kànga, gbogbo ọwọ́ ló lọ sókè torí pé Ìyálọ́jà ń wo wa. Nígbà tí ọjọ́ owó pé, kò tó ìdajì tó san. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ dídá owó ojú àgbàrá tí a ó gbé yẹ̀ wò ní ìpàdé tó ń bọ̀, àwọn ìgbìmọ̀ ti fẹnu kò pé a ò ní náwọ́ mọ́. Kí oníkálukú mú hóró àgbàdo kan àti hóró ẹ̀wà kan dání. Igbá onídèrí máa wà nínú yàrá akápò, ẹnì kọ̀ọ̀kan ló máa wọlé. Ẹni tó bá gbà, kó sọ àgbàdo sínú igbá, ẹni tí kò gbà, kó sọ ẹ̀wà. Kí a mú hóró kejì lọ sílé.