Aiguille du Midi: Òkè Tí Àbúrò Mi Kò Bá Mi Gùn

Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ orí okùn méjì ni mo fẹ́ rà. Àbúrò mi ọkùnrin fà mí lápá, ó ní, "Àǹtí mi, ẹyọ kan ni kẹ́ ẹ rà. Ẹ̀yin nìkan lẹ máa lọ."

Chamonix ni a wà, ìlú kékeré kan láàárín àwọn òkè Alps nílẹ̀ Faransé. Geneva, níbi tí àbúrò mi ti ń kàwé, ni a ti wọ bọ́ọ̀sì wá láàárọ̀ ọjọ́ náà. Òun gan-an ló ti ń fi àwòrán Aiguille du Midi ránṣẹ́ sí mi láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn: òkúta ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́, tó ga ní 3,842 mítà, tí ènìyàn lè dúró lé lórí kí ó máa wo Mont Blanc bí ẹni ń wo ilé aládùúgbò. Ṣùgbọ́n SS ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ti ń bá a fínra láti kékeré, dókítà rẹ̀ sì ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ dé orí òkè náà. Kò sọ fún mi títí a fi dé ibi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Mo bínú, mo ní èmi náà kò lọ mọ́. Ó ní bí n kò bá lọ, òun yóò wọ ọkọ̀ náà fúnra òun. Mo ra ẹyọ kan.

Afẹ́fẹ́ orí òkè kò yàtọ̀ sí ti Èkó ní ti ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìdá 21 nínú 100 ni ọ́síjìn níbi méjèèjì. Fífẹ́lẹ́ ló fẹ́lẹ́. Ní gíga Aiguille du Midi, ọ́síjìn tí à ń mí sínú lẹ́ẹ̀kan kò tó ìdá méjì nínú mẹ́ta èyí tí à ń rí létí òkun. Ara lè kọ́ bí yóò ti fara dà á, bí a bá fún un ní ọjọ́ mélòó kan. Nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ni ọkọ̀ orí okùn ń fún un. Nínú ẹ̀jẹ̀ SS, bí ọ́síjìn bá ti dín, sẹ́ẹ̀lì pupa á tẹ̀ bíi dòjé, á sì dí ojú iṣan. Mo ti jókòó ti àbúrò mi lóru nígbà tí ìrora náà dé; n kò fẹ́ rí irú rẹ̀ mọ́.

Àwa AS a máa rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn wá àfi lọ́jọ́ tí a bá ń wá ẹni tí a ó fẹ́. Àbúrò mi ló là mí lóye pé àwọn dókítà ti rí AS tí ìrora ńlá mú ní ẹ̀gbẹ́ òsì, lábẹ́ egungun ìhà, lẹ́yìn tí wọ́n dé ibi gíga. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń ṣẹlẹ̀. "Bí ẹ̀gbẹ́ yín bá dùn yín pẹ́nrẹ́n, ẹ máa bọ̀."

Láti 1955 ni ọkọ̀ náà ti ń gbé èèyàn gòkè. Ó já wa sílẹ̀ ní Plan de l'Aiguille, ní 2,317 mítà, a sì wọ òmíràn. Èyí ló bà mí lẹ́rù: kò sí òpó kankan tó gbé okùn ró láti ibẹ̀ dé òkè. Etí mi dí. Mo ń gbé itọ́ mì kí ó lè là.

Bí a ti dé òkè, mo sáré gun àtẹ̀gùn bí mo ti máa ń ṣe nílé. Ìwà òmùgọ̀ gbáà! N kò tíì gun ogún tí àyà mi fi ń lù kìkì. Ìyá àgbàlagbà kan fọwọ́ júwe fún mi pé kí n rọra. Mo mu omi, mo wọ ẹ̀rọ agbéniròkè tó wà nínú àpáta, mo sì dé ṣóńṣó. Mont Blanc jókòó níwájú mi, funfun báláú, ó tóbi débi pé kò jọ ohun tó jìnnà. Yàrá onígíláàsì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ṣí ní 2013, tí ọ̀gbun nǹkan bíi 1,000 mítà wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni. Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ fi fóònù mi yà mí.

Lẹ́yìn bí ogójì ìṣẹ́jú, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi. Ẹ̀gbẹ́ mi kò dùn mí, ṣùgbọ́n n kò yé fọwọ́ kàn án. Owó tíkẹ́ẹ̀tì kò kéré, òun ló ń mú kí àwọn mìíràn gbé oògùn orí fífọ́ mì kí wọ́n lè pẹ́ sí i. Èmi kò rí ọgbọ́n níbẹ̀. Bí orí bá ń fọ́ni, tí èébì ń gbéni, tí ẹsẹ̀ kò dúró déédéé, kí a sọ̀kalẹ̀ ni oògùn. Mo sọ̀kalẹ̀. Kí a tó dé Chamonix, orí mi ti fúyẹ́.

Àbúrò mi wà lórí bẹ́ǹṣì, ife tíì méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tèmi ti tutù. Kò béèrè Mont Blanc.

"Ẹ̀gbẹ́ yín ńkọ́?"

Mo ní kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ìgbà náà ló tó gba fóònù, tó ń wo àwòrán yàrá onígíláàsì náà.

"Àǹtí mi, ẹ tiẹ̀ dijú!"

Ó rẹ́rìn-ín títí, ó sì fi í ránṣẹ́ sí màmá wa.