Bí A Ṣe Ń Fi Ìbéèrè Wọn Ìrẹ̀wẹ̀sì Ọkàn

Nọ́ọ̀sì a máa fi ohun-ìwọ̀n sí abíyá ẹni tí ibà ń ṣe, a sì ka iye tí ó bá fi hàn. Kí ni a ó wá fi wọn ọkàn tí ó rẹ̀wẹ̀sì? Ìbéèrè ni.

Èyí tí àwọn oníṣègùn ń lò káàkiri ni PHQ-9, tí Spitzer, Kroenke àti Williams ṣe. Ìbéèrè 9 ni ó ní. A ó bi ènìyàn pé, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí ó kọjá, ìgbà mélòó ni oorun kò wá, tí oúnjẹ kò lọ lẹ́nu, tí nǹkan kò wù ú í ṣe, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí kò bá ṣẹlẹ̀ rárá, 0 ni; bí ó bá jẹ́ ọjọ́ díẹ̀, 1; bí ó bá ju ìdajì àwọn ọjọ́ náà lọ, 2; bí ó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojoojúmọ́, 3. Àròpọ̀ kò lè ju 27 lọ. Láti 5, àìsàn náà mọ níwọ̀n. Láti 20, ó ti le koko. Ní 2006, Adewuya àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò lára akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì 512 ní Nàìjíríà, wọ́n sì rí i pé 10 ni ó ya àwọn tí àìsàn náà mú gidi sọ́tọ̀.

Ṣùgbọ́n iye kò gbọ́ èdè. Nínú ìwé tí Lambo ti Àró àti Leighton ti Yunifásítì Cornell pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé jáde ní 1963, wọ́n rí i pé Yorùbá kò ní orúkọ kan pàtó fún àìsàn yìí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àmì rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Ní Ìgbògbò, mo bi ìyá àgbà kan bóyá inú wọn bàjẹ́. “Ta ni ó ṣẹ̀ mí, ọmọ mi?” ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wí pé orí ń gbóná, nǹkan ń rìn kiri nínú rẹ̀, àwọn kò sì sùn láti ọjọ́ pípẹ́. Ìbéèrè mi ìbá ti fún wọn ní 0.

Ìbéèrè kẹsàn-án ni ó gba sùúrù jù. Ó ń béèrè bóyá ènìyàn ti rò pé ikú sàn fún òun, tàbí pé kí òun pa ara òun lára. Àgbàlagbà lè fi ẹ̀rín dáhùn pé ilé ti tó í lọ, kí ó má sì sí àìsàn níbẹ̀. Ọ̀dọ́ lè sẹ́ nítorí èèwọ̀. Ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ níhìn-ín bá ju 0 lọ, ohun yòówù kí àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́, a gbọ́dọ̀ bá a jókòó níkọ̀kọ̀ kí ó tó lọ. Mo ti rí olùbéèrè kan tí ó ro tirẹ̀ pọ̀, tí ó rí 4, tí ó sì ní kí ọmọkùnrin náà máa lọ sílé. Láti inú ìbéèrè kẹsàn-án ni 3 nínú 4 náà ti wá.