Oyè tí a fi dù wọ́n ní Cambridge

Àwa tí a ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ mọ bí ìwé ẹ̀rí ti ṣe iyebíye tó lójú ẹni tí ó ṣe làálàá fún un. Ẹ jẹ́ kí a ro ti àwọn obìnrin tí wọ́n ṣe làálàá náà, tí a kò sì fún wọn ní oyè.

Ní ọdún 1869 ni Emily Davies gba ilé kan ní Hitchin, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì kó akẹ́kọ̀ọ́bìnrin 5 jọ síbẹ̀. Àwọn olùkọ́ Cambridge a máa wọ rélùwéè wá kọ́ wọn. Ní 1873 wọ́n ṣí lọ sí Girton, nítòsí Cambridge. Ìdánwò àwọn ọkùnrin gan-an ni Davies fẹ́ kí wọ́n ṣe. Kò gba èyí tí ó rọrùn jù bẹ́ẹ̀.

Ní 1890, nígbà tí a ka èsì ìdánwò ìṣirò, a ka ti àwọn ọkùnrin tán, ó kan àwọn obìnrin. A pe Philippa Fawcett ti Newnham, a sì ní ó ga ju ọkùnrin tí ó ṣe ipò kìn-ín-ní lọ! Síbẹ̀ Cambridge kò fún un ní oyè. Ní 1897 wọ́n dìbò: 662 gbà, 1,713 kọ̀. Kàyéfì ni èyí jẹ́ fún wa. Ní 1921 wọ́n fún àwọn obìnrin ní orúkọ oyè lásán. 1948 ni wọ́n tó fún wọn ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní kíkún.

Oxford ti ṣe tirẹ̀ ní 1920. Nígbà tí Kòfowórọlá Moore, ọmọ Èkó, parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ níbẹ̀ ní 1935, oyè pípé ni ó gbà. Ì bá ṣe pé Cambridge ni ó lọ, orúkọ lásán ni ì bá mú bọ̀ wálé.