Eélòó Ni Àga Tó Ń Gun Àtẹ̀gùn Yóò Ná Ẹni Tó Ń Gbé Ìyànà Iyesi?

Bí èèyàn bá gba ọ̀nà Ìdí-Ìrókò láti Ọ̀tà, tó kọjá Ìyànà Iyesi lọ sí ìhà Canaanland, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí yóò rí kò lóǹkà. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ dúpílẹ́ẹ̀sì tí wọ́n kọ́ bákan náà: pálọ̀ àti ilé ìdáná wà nísàlẹ̀, yàrá onílé wà lókè. Nígbà tí onílé ń kọ́ ọ, ara le. Lónìí, làkúrègbé ti mú orúnkún ẹlòmíràn, rọpárọsẹ̀ ti mú apá kan ara ẹlòmíràn, àtẹ̀gùn tó ti ń fi eré gùn sì ti di ìṣòro. Ìgbà yẹn ni àwọn ọmọ tó wà ní London tàbí Houston máa ń béèrè lórí fóònù pé: "Mọ́mì, ṣé ká ra àga tó ń gbé èèyàn gun àtẹ̀gùn fún yín ni?"

Ó dáa bí wọ́n ṣe rò ó. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó béèrè iye tí wọ́n ń ta àga, bí àtẹ̀gùn ilé náà ṣe rí ni kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè, torí òun ló ń sọ iye owó.

Àga yìí, tí àwọn tó ń tà á ń pè ní stairlift, kò ṣòro láti yé èèyàn. Wọ́n á de irin gbọọrọ kan mọ́ orí àtẹ̀gùn fúnra rẹ̀, kì í ṣe mọ́ ògiri. Irin náà ní eyín, jíà tó wà lábẹ́ àga á máa bá eyín yẹn yí, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa gun òkè. Bátìrì méjì, 12 volt ọ̀kọ̀ọ̀kan, ló sábà máa ń wa mọ́tò rẹ̀, iná sì ń wọ inú wọn nígbà tí àga bá dúró sí ìparí irin. Nítorí náà, bí wọ́n bá tiẹ̀ mú iná lọ, ó ṣì lè lọ, kó bọ̀, lọ́pọ̀ ìgbà. Kì í sáré: ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù kò gbà kó ju sẹ̀ntímítà 15 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú lórí irin mítà mẹ́rin. Ó ní bẹ́líìtì. Bí ibi ìgbẹ́sẹ̀lé rẹ̀ bá kan bàtà tí ọmọdé gbàgbé sórí àtẹ̀gùn, á dúró. Bó bá dókè, ìjókòó rẹ̀ á ṣeé yí padà kí àgbàlagbà lè dìde sórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, kó má kọjú sí ọ̀gbun.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Ní Ìlú Ọba, àga fún àtẹ̀gùn tó lọ tààrà sábà máa ń wà láàárín 2,000 sí 3,500 pọ́n-ùn, pẹ̀lú owó àwọn tó máa fi í sílé. Bí àtẹ̀gùn bá ṣẹ́ kọ́nà, owó á fò dé 5,000 sí 10,000 pọ́n-ùn, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irin tó lọ tààrà, gígé ni wọ́n ń gé e. Irin tó ṣẹ́ kọ́nà, wọ́n gbọ́dọ̀ wọn àtẹ̀gùn yín ní ìpele-ìpele, kí ilé iṣẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ fún ilé yín nìkan. Ìdí nìyí tí tòkunbọ̀ irin tààrà fi lè wúlò fún ẹlòmíràn, tí tòkunbọ̀ oníkọ́nà kò sì ní bá ilé yín mu. Kí ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín torí pé ó pọ́ọ́kú.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò pọ́n-ùn kan sí 2,000 náírà. Àga 2,500 pọ́n-ùn di mílíọ̀nù 5 náírà, ti 6,000 pọ́n-ùn di mílíọ̀nù 12, a ò sì tíì san owó ọkọ̀ ojú omi, ti kọ́sítọ́ọ̀mù àti ti oníṣẹ́. Owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin láti ọdún 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Ẹni tó ń gbà á ní ilé iṣẹ́ kan ní Sàngó yóò ṣiṣẹ́ fún bí ọdún mẹ́fà kó tó pé mílíọ̀nù 5, bí kò bá fi kọ́bọ̀ kan jẹun.

Ní England, ìjọba ìbílẹ̀ lè fi owó ìrànwọ́ tó tó 30,000 pọ́n-ùn tún ilé aláàbọ̀ ara ṣe, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yẹ owó tó ń wọlé fún un wò. Ní Amẹ́ríkà, Medicare, ètò ìlera ìjọba fún àwọn àgbàlagbà, kì í san owó àga yìí. Nàìjíríà kò ní irú owó ìrànwọ́ bẹ́ẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara tí ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù Kìíní ọdún 2019 fún àwọn ilé tó wà fún gbogbo ìlú ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tó rọrùn. Ilé àdáni kò sí nínú rẹ̀.

Ní Ìyànà Iyesi fúnra rẹ̀, àtẹ̀gùn dúpílẹ́ẹ̀sì sábà máa ń gùn dé àárín, á dé ibi pẹrẹsẹ, á wá yí padà. Ẹni tí kò fẹ́ ra irin oníkọ́nà lè fi àga tààrà méjì sí i, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè, bí àgbàlagbà bá lè dìde láti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì. Kọnkéré wa máa ń di bóòtù mú dáadáa, àmọ́ táìlì orí rẹ̀ lè fọ́ bí ẹni tó ń lu ihò kò bá mọ̀ ọ́n lù. Ooru wa sì ń tètè pa bátìrì. Bí pátákó iná inú àga bá jó, òkèèrè ni wọ́n á ti rà á wá, Màmá á sì dúró sókè títí yóò fi dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wẹ́dà kankan fi mọ́tò géètì ṣe irú àga yìí fún èèyàn yín. Bí búréèkì rẹ̀ bá kọ̀, ikú ni.

Èrò tèmi ni pé fún ọ̀pọ̀ ìdílé níbí, yàrá ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ilé ìwẹ̀ àti ilé ìgbẹ́ tó rọrùn ló yẹ kó ṣáájú, pẹ̀lú irin ìdìmú lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì àtẹ̀gùn, èyí tí wẹ́dà Ọ̀tà lè ṣe dáadáa. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kì í fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti parí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ní Àgbádárìgì lọ́dún 1845, ni ilé òkè ti jẹ́ iyì lójú wa, baba tó bá sì fi yàrá òkè sílẹ̀ lè rò pé wọ́n ti gba ipò òun. Ẹ fi sùúrù bá wọn sọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé lọ́wọ́ báyìí, ẹ sọ fún ayàwòrán-ilé yín pé kó fi yàrá kan àti ilé ìgbẹ́ sísàlẹ̀, kí ilẹ̀kùn rẹ̀ sì gba kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara, kí ẹ tó da kọnkéré.